Ta Ló Tú Ìjánu Lẹ́nu Ọba? Ìtàn owó orí, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta

1/ Ìgbàkígbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ayélujára nípa ọba kan, ẹnì kan á dìde, á ní: "Nínú àṣà Yorùbá, ohun tí ọba bá ti sọ, abẹ gé e. Ẹnì kan kì í bi ọba. Obìnrin ló wá fẹ́ bi í?" Ọgọ́rọ̀ èèyàn á sì máa tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn lónìí. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò ní sú yín.

2/ Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le: ọba tí ẹnikẹ́ni ò lè bi, kì í ṣe ọba táwọn baba ńlá wa mọ̀. Púpọ̀ nínú agbára yẹn, ọ́fíìsì òyìnbó ló ti wá. Àwọn tó sì tú u fó ní gbangba ní Abẹ́òkúta, obìnrin ni wọ́n. Aláró, aládìrẹ, àwọn tó ń ta ìrẹsì, àwọn tó ń ta gàrí. Ẹ tẹ̀ lé mi.

3/ Ká kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ àtijọ́. A mọ Aláàfin sí Kábíyèsí, ikú bàbá yèyé. Àmọ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà níbẹ̀, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Tí ọba bá di aninilára, wọn ò ní bá a jà, wọn ò ní bú u. Igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni wọ́n máa gbé ránṣẹ́ sí i. Ó ti yé e nìyẹn: ìlú ti kọ̀ ọ́. Kì í tún yọjú sí gbangba mọ́. Ó ní láti tẹ́rí gbaṣọ ni.

4/ Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí wọ́n ń pè ní Kábíyèsí, tó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó lè bi í, àwọn kan wà tí ojoojúmọ́ ń bi í lọ́rọ̀. Wọn ò sì fi àwọn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ògbóni ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà gba agbára kọjá ààlà, tó ń fi Aláàfin kan jẹ, tó ń pa òmíràn, Aláàfin Abíọ́dún àtàwọn ará ìlú gbìmọ̀, wọ́n sì bì í ṣubú ní 1774. Kò sẹ́ni tó wà láìní ìjánu lẹ́nu.

5/ Ẹ jẹ́ ká wá sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, wọ́n sá wá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó fi Aláké kankan jẹ? 1854 ni Aláké àkọ́kọ́ gorí oyè ní Abẹ́òkúta. Ta ló wá ń ṣe ìlú ní gbogbo àkókò yẹn? Ògbóni ń dá ẹjọ́, Olórógun ń bójú tó ogun, Pàràkòyí ń bójú tó òwò. Ìlú ń lọ.

6/ Nígbà tí Aláké sì dé, kì í ṣe òun nìkan ni ọba ìlú. Ọ̀ṣilẹ̀ ń bẹ ní Òkè-Ọnà, Àgùrá ń bẹ ní Gbágùrá, Olówu ń bẹ ní Òwu. Kálukú ló ní àwọn ìjòyè tirẹ̀, kálukú ló ní Ògbóni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn ò bá kò lé, kò lè múlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

7/ Obìnrin ńkọ́? Ẹ gbọ́ orúkọ Tinúbú. Nígbà tí Dahomey gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, ìlú ò gbàgbé owó, ìbọn àti ẹ̀tù tí àwọn oníṣòwò kó sílẹ̀. Wọ́n fi Tinúbú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó sì wà lórí oyè títí tó fi kú ní 1887. Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ Ìyálóde, ó ní oko, ó ní ọmọ ogun. Tí wọ́n bá ń jíròrò ọ̀rọ̀ ogun àti ọjà, Ìyálóde ní ohùn níbẹ̀.

8/ Ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì máa pàtẹ́wọ́. Tinúbú àti Ẹfúnṣetán ní ẹrú rẹpẹtẹ. Tinúbú tà wọ́n. Mi ò wá síbí láti parọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin fún gbogbo èèyàn. Ẹrú ò ní ohùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú mọ bó ṣe ń dá aláṣẹ lẹ́kun, obìnrin sì wà lára àwọn tó ń dá a lẹ́kun. Ohun méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pọ̀.

9/ Òyìnbó wá dé. Ní 1893, Gómìnà Carter bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn: ilẹ̀ Ẹ̀gbá á máa dá dúró, kí wọ́n sáà jẹ́ kí ọ̀nà òwò là. Ní 1898, wọ́n dá ìjọba kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Egba United Government, tó ní akọ̀wé, ilé ìṣúra àti kóòtù. Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ lọ sí London lọ kí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, Ẹ̀gbá ti bọ́.

10/ Àmọ́ ìjọba tuntun yẹn ti ń fa okùn sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Òyìnbó fẹ́ ẹni tóun lè kọ lẹ́tà sí, tó máa buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kejì. Bíbá gbogbo Ògbóni ìlú jókòó sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀lẹ ni wọ́n kà á sí. Bí Aláké ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ga ju Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu lọ nìyẹn. Ìyálóde ńkọ́? Kò sí àga fún un ní yàrá ìpàdé náà.

11/ Lọ́dún 1914, nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ará Ìjẹmọ̀ fẹ̀hónú hàn torí pé ọkùnrin àgbàlagbà kan láàárín wọn kú lẹ́yìn tí ìjọba mú un. Wọ́n kó ṣọ́jà wá, wọ́n sì yìnbọn. Ọ̀pọ̀ ló kú, àwọn ìjòyè wà lára wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àdéhùn 1893 fi wọlẹ̀. Ẹ̀gbá tó ń dá dúró di ara Nàìjíríà tí Lugard ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀ ní January ọdún yẹn.

12/ Lugard ní ìlànà kan tó ti dán wò ní ilẹ̀ Hausa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní "indirect rule". Èmi á pè é ní kí òyìnbó fi ọba bojú. Òyìnbó ò pọ̀, owó ò sí láti kó òyìnbó wá. Nítorí náà, wọ́n á wá ọba, wọ́n á fún un ní kóòtù, ọlọ́pàá, ilé ìṣúra àti owó oṣù. Òun lá máa gba owó orí, òun lá máa pàṣẹ. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó á jókòó sẹ́yìn, á máa sọ fún un ohun tó máa pàṣẹ.

13/ Ibi tí ìjánu ti tú nìyí. Tẹ́lẹ̀, tí ọba bá ṣe burúkú, ìlú ló máa kọ̀ ọ́. Lábẹ́ ìlànà yìí, tí ọba bá ṣe burúkú, gómìnà nìkan ló lè yọ ọ́. Tí gómìnà bá wá fẹ́ràn ọba yẹn ńkọ́? Torí pé owó orí ń wọlé dáadáa? Ó parí. Igbá òfìfo ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọba ò nílò kó wo ojú ìlú mọ́, ojú àjẹ́lẹ̀ ló ń wò.

14/ Tí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ wo Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ní 1895, Captain Bower yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́, wọ́n dójú ti Aláàfin. Àwọn òyìnbó kan náà ló tún wá gbé Aláàfin ga lẹ́yìn náà! Captain Ross, àjẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ títí di 1931, fi Ìbàdàn sábẹ́ Aláàfin Ládìgbòlù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti pẹ́ tí Ìbàdàn ti ń dá ìpinnu ara rẹ̀ ṣe. Baálẹ̀ Sítù, ọmọ Ààrẹ Látòósà, kọ̀ láti tẹrí ba bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1925. Ìbàdàn ò bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́ títí di 1934. Ọdún 1936 ni oyè Baálẹ̀ wá di Olúbàdàn.

15/ Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ń wò wọ́n níran o. Ní 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba, sí kóòtù tuntun àti iṣẹ́ tipátipá. Ní 1918, ó kan Ẹ̀gbá. Ogun Adùbí nìyẹn. Kí ló fà á? Ní January ọdún yẹn, wọ́n fagi lé owó ibodè, wọ́n fi owó orí rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ojú ọ̀nà kún un. Ẹ fi wolé-wolé tó ń bu owó ìtanràn lé àwọn èèyàn lórí kún un. Ìlú gbiná.

16/ Àwọn Ẹ̀gbá hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹlígíráàfù. Wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba tiwọn fúnra wọn. Ẹ ronú sí i ná. Báwo ni nǹkan ṣe burú tó kí àwọn èèyàn tó ń kúnlẹ̀ kí ọba tó pa á? Ìdí ni pé ojú agbowó orí ni wọ́n fi ń wò ó. Ìjọba kó ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì dé lé wọn lórí, ọgọ́rọ̀ Ẹ̀gbá sì bá a lọ. Owó orí dúró síbẹ̀.

17/ Nígbà tó di 1920, Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì di Aláké. Òyìnbó wá fún un ní orúkọ kan: "Sole Native Authority". Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé òun nìkan ni aláṣẹ ìbílẹ̀. Òun NÌKAN. Ẹ rántí pé ìlú yìí gbé ogún ọdún láìní ọba. Ẹ rántí Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá, Olówu, Ògbóni, Pàràkòyí, Ìyálóde. Gbogbo wọn ni wọ́n sọ di "nìkan". Wọ́n tún wá pè é ní ìbílẹ̀!

18/ Ohun tó kan àwọn obìnrin wá rèé. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ló ń san owó orí. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin náà ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 1918, ìyàwó ilé tàbí opó, kò kàn wọ́n. Ọmọbìnrin bá tó ọdún 15, ó ti di asanwó orí. Ọkùnrin di ọdún 16. Kò sì sí ìwé ọjọ́ ìbí. Báwo ni agbowó orí á ṣe mọ̀ pé ọmọ ti tó ọdún 15? Àwọn obìnrin jẹ́rìí sí i pé wọ́n ń tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wo bóyá wọ́n ti yọ ọmú. Ní ìlú. Lójú ọjà.

19/ Àwọn obìnrin yìí sì kọ́ ló ń jókòó fún ọkọ. Àwọn ni ọrọ̀ ajé Abẹ́òkúta. Àdìrẹ tí ìlú náà fi lókìkí káàkiri, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Nígbà tí ọjà àdìrẹ dẹnu kọlẹ̀ láàárín 1930 sí 1939, wọ́n ń wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà àti aró òyìnbó, kí iṣẹ́ lè yá. Ní 1936, Aláké fi òfin dè é. Àwọn aláró gbé ọ̀rọ̀ náà délé ìjọba, wọ́n jà á débi tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé 1947 ni obìnrin Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, ẹ bi í léèrè 1936.

20/ Ogun Hítílà wá dé. Ìjọba nílò oúnjẹ fún ọmọ ogun, wọ́n fi iye lé ọjà. Àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ á dúró sójú ọ̀nà, wọ́n á gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọ́n á fún wọn ní owó tí kò tó nǹkan, tàbí kí wọ́n má fún wọn rárá. Ní orúkọ ta? Ní orúkọ ọba. Owó orí sì ń dúró dè wọ́n nílé.

21/ Ìgbà yìí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wọlé. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa nípa ẹ̀ nílé ìwé ò ju gbólóhùn kan lọ, pé obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ni. Mọ́tò kẹ̀? Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School. Ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922. Nígbà tó padà dé, ó gbé orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ jù sílẹ̀, ó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀.

22/ Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ni. Wọ́n ń kọ́ ìránṣọ, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàlejò. Ìgbà tí obìnrin ọjà kan ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, ni ìlẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọlọ́jà wá kàwé, wọ́n sì ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn: ìrẹsì, owó orí, ọlọ́pàá. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union. "Ladies" di "Women". Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn: ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni wọ́n ní àwọn tó dara pọ̀.

23/ Àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà jà ló wù mí jù. Wọ́n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n gba aṣàyẹ̀wò owó pé kó wo ìwé ìṣirò ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n lọ sí iwé ìròyìn. Màmá ò san owó orí, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Tí wọ́n bá wà níwájú òyìnbó, Yorùbá ni Màmá ń sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ̀ẹ́sì ò wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀, kí ọlọ́jà má bàa rí i bí ẹni tó ga jù ú. Kí òyìnbó wá ògbufọ̀ tiẹ̀!

24/ Nígbà tí wọn ò gbà kí wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ní àwọn ò ṣe ìwọ́de kankan, píkíníìkì làwọn ń lọ. Ta ló fẹ́ ní kí obìnrin má lọ jẹun lábẹ́ igi? Wọ́n sì kọ́ ara wọn bí wọ́n á ṣe mú agolo tíágáàsì tí ọlọ́pàá bá jù, tí wọ́n á jù ú padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lekki ní October 2020, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀.

25/ Ní 1947, Màmá bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí London. Ó kọ ọ́ sínú iwé ìròyìn kan níbẹ̀ pé ipò obìnrin ti wálẹ̀ láti ìgbà tí òyìnbó ti dé. Ẹ fi ara balẹ̀ síbẹ̀. Kò sọ pé òyìnbó wá fún obìnrin lómìnira. Ó ní wọ́n gba èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Inú ṣe àwọn aláṣẹ nílé lóòótọ́.

26/ Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 yí ààfin ká. Wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ń kọrin, orin èébú sì ni. Wọ́n ní kí wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, kí wọ́n sì tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, wọ́n padà wá, wọ́n sì tún jókòó títí wọ́n fi tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Wole Soyinka wà lọ́mọdé ní Aké nígbà yẹn, ó sì kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ "Aké".

27/ Ó wá di 1948. Ohun tí òyìnbó ò retí ṣẹlẹ̀: àwọn Ògbóni dìde, wọ́n ní àwọn náà ò sin Aláké mọ́. Àwọn ọkùnrin kan ti dá ẹgbẹ́ Májẹ̀ẹ́óbàjẹ́ sílẹ̀ láti ti àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti obìnrin nìkan mọ́. Ní July ọdún yẹn, Adémọ́lá kúrò ní ààfin, ó lọ gbé ní Òṣogbo. Ní January 1949, ó kọ oyè sílẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ tó gbé e ró láti bí ọdún 30 ò lè gbé e ró mọ́.

28/ Wọ́n fagi lé "òun nìkan ni aláṣẹ". Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, obìnrin mẹ́rin sì wà níbẹ̀, Màmá Kuti wà lára wọn. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í parí bó ṣe wù wá. Ní December 1950, Adémọ́lá padà sórí oyè. Ó wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1962. Àmọ́ ìlú tó padà sí ti mọ̀ pé ọba lè lọ.

29/ Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí Aláké náà. Kì í ṣe òun ló dá ìlànà yìí sílẹ̀. Wọ́n gbé e sáàárín òkúta méjì: tí kò bá gba owó orí, òyìnbó á yọ ọ́, tó bá gbà á, ìlú á kórìíra ẹ̀. Ẹlòmíì tó bá jókòó sórí àga yẹn, bóyá ohun kan náà ló máa ṣe. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ àga nìyí, mi ò kàn ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó lé e.

30/ Kì í sì í ṣe Ẹ̀gbá nìkan. Nílẹ̀ Ìgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ti ní ọba rárá, òyìnbó fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ, ó ní àwọn ni olóyè. Ní 1929, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, àwọn obìnrin Aba àti agbègbè rẹ̀ dìde. Wọ́n yìnbọn lù wọ́n, obìnrin tó kú lé ní 50. Ìlànà kan náà, ìdáhùn kan náà. Ẹni tó ń gbé ọjà ìlú lórí, òun náà ló kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù.

31/ Ẹ padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀, "àṣà Yorùbá ni pé ẹnì kan kì í bi ọba". Ní 1947, ta ló ń ṣe àṣà? Ọba tí àjẹ́lẹ̀ sọ di aláṣẹ nìkan ni, àbí àwọn obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin tí wọ́n ní ìlú kọ̀ ọ́? Lójú tèmi, igbá òfìfo ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n kàn gbé e lọ́nà tiwọn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ọlọ̀tẹ̀ ló súnmọ́ àṣà jù.

32/ Ibi tó kàn wá lónìí rèé. Òyìnbó lọ ní 1960, àga ò lọ. Kódà kó tó lọ, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò ní Ọ̀yọ́ láàárín 1954 sí 1956, torí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Lónìí, tí ọba tuntun bá jẹ, ta ló ń fún un ní ọ̀pá àṣẹ? Gómìnà. Ta ló lè yọ ọ́? Gómìnà. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ọba á máa wò lójú nígbà ìdìbò. Ẹ má sọ fún mi pé Odùduwà ló dá ìyẹn sílẹ̀.

33/ Ohun tó dá mi lára ò ju pé a ti gba ohun tí ọ́fíìsì kan dá sílẹ̀, a ti sọ ọ́ di ti ìran wa, a tún ń fi lé ara wa lẹ́nu mọ́. Ọmọbìnrin kan bá béèrè ibi tí owó ìlú lọ, wọ́n á ní kò ní àṣà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá ìyá rẹ̀ gba aṣàyẹ̀wò owó nítorí ìbéèrè yẹn gan-an.

34/ Màmá ò dẹ́kun ìjà títí ọjọ́ ikú. Ní February 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé ọmọ rẹ̀ Fẹlá ní Èkó, wọ́n jù ú látojú fèrèsé. Ó kú ní April 1978. Kì í ṣe òyìnbó ló jù ú o. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni, tó gba àṣẹ lókè, tí kò sẹ́ni tó bi í.

35/ Ìwọ̀nba tí mo lè kọ nìyí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: tẹ́ ẹ bá ní ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tó dàgbà ní Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú tàbí ibikíbi nílẹ̀ wa, ẹ bi wọ́n léèrè owó orí. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń gbà á, báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á, kí ni wọ́n ṣe sí i. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sísàlẹ̀ níbí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní sí mọ́ láìpẹ́, kò sì sí ìwé ìjọba kankan tó kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀.